Ògidì Oje Igbó: Bí Oríṣi Rẹ̀ Ṣe Yàtọ̀ Síra

Ní ibùdókọ̀ Ojota títí dé Ketu àti Mile 12, orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pe igbó ti pọ̀ sí i. A ń gbọ́ loud, a ń gbọ́ Colorado. Àwọn mìíràn, bíi wax àti shatter, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé oró wọn kò dọ́gba, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà pa ènìyàn lára yàtọ̀.

Oró inú igbó ni àwọn onímọ̀ ń pè ní THC. Inú oje tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ lára òdòdó rẹ̀ ni ó pọ̀ sí jù. Oje yìí kì í yọ́ nínú omi; inú òróró, ọtí líle àti àwọn gáàsì kan ni ó ti ń yọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ agbo: egbò kan náà tí a rẹ sínú omi àti èyí tí a rẹ sínú ògógóró kì í lágbára bákan náà, nítorí ọtí a máa fa ohun tí omi kò lè fà jáde. Orí òye yìí ni ògidì oje igbó dúró lé. Kẹ́míkà a fa oje kúrò lára igbó, kẹ́míkà náà a sì gbẹ dànù, bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ lóòótọ́.

Èyí tí a mọ̀ láàárín wa tipẹ́ ni “monkey tail”, igbó tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Kì í ṣe ògidì, nítorí ọtí ṣì wà níbẹ̀. Oró méjì ni ẹni tí ó mu ún gbé mì pọ̀. Òróró tí wọ́n fi ethanol fà a máa dúdú, a sì máa korò, nítorí ethanol a máa kó àwọ̀ ewé mọ́ oje. Èyí tí wọ́n fi butane fà, ìyẹn gáàsì inú láítà, a máa pọ́n bí oyin. Bí ó bá rọ̀ bí ìda, wọ́n a pè é ní wax. Bí ó bá le tí ó sì ń dán bí gíláàsì, ó di shatter. Ìrísí ni ó yà wọ́n, oró wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Rosin kò gba kẹ́míkà rárá: ooru àti ìfúnpọ̀ ni wọ́n fi ń fún un. Àwọn tí ń tà á a máa ní òun ni ó mọ́ jù. Òótọ́ ni pé kò sí ìyókù kẹ́míkà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ kò dín.

Butane ni ó ń bà wá lẹ́rù jù. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá, a sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé ibi tí iná wà. Ìṣáná kan ṣoṣo ti tó. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti bú gbàmù báyìí ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá fojú inú wo ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí sítóòfù mẹ́fà tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

Loud kì í ṣe ògidì. Igbó tí wọ́n gbìn kí oró rẹ̀ lè pọ̀ ni. Colorado tún yàtọ̀ pátápátá. Kẹ́míkà àtọwọ́dá ni wọ́n fín sára ewé gbígbẹ, ó sì lè má sí igbó kankan nínú rẹ̀. Orúkọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí òfin ti gba igbó láàyè ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò bá igbó ibẹ̀ tan.

Igbó tí àwọn agbófinró gbà ní Amẹ́ríkà ní 1995 ní THC bí ìdá 4 nínú 100. Ògidì oje lè ní ju ìdá 60 lọ, nígbà mìíràn ju 80. Àyà ẹni tí ó fà á lè máa lù kìkì, ó lè máa bì, ìbẹ̀rù lè mú un láìnídìí, ó sì lè máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀. Bí wọ́n bá fi sínú bisikíìtì tàbí kéèkì, ó lè tó wákàtí méjì kí ó tó hàn; ẹni tí kò tíì rí nǹkan a sì tún jẹ sí i. Ní ti òróró inú vape, títí di oṣù Kejì 2020, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti ibẹ̀ wá ti mú ènìyàn 2,807 ní Amẹ́ríkà, 68 nínú wọn sì kú. Vitamin E acetate, tí àwọn oníṣòwò fi lú òróró igbó, ni àyẹ̀wò so ó mọ́ jù.

Ọjà kẹ́míkà Ojota ni ọ̀pọ̀ aṣelọ́fínńdà àti àwọn tí ń ṣe oògùn ìfọwọ́ ti ń ra ethanol. Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni, a kò sì fura sí wọn. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí olùtà béèrè ohun tí oníbàárà tí kò mọ̀ rí fẹ́ fi ọ̀pọ̀ jálá ṣe.

Òfin kò wo ìrísí. Lábẹ́ òfin NDLEA ti 1989, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 wà fún ẹni tí ó ní egbògi olóró lọ́wọ́ tàbí tí ó ń lò ó, ẹ̀wọ̀n gbére sì wà fún ẹni tí ń ṣe é tàbí tí ń tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́ lè pe NDLEA lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 080010203040.

Bí ẹnìkan bá dákú lẹ́yìn tí ó lò ó, ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun, kí ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ sì mú ìyókù ohun tí ó lò dání fún dókítà.