PVC àbí Hypalon: ọkọ̀ alátẹ́gùn wo la máa fi dúró de omíyalé?

Bí omi bá ya wọ àdúgbò yín lóru òní, kí lẹ máa fi gbé àwọn ọmọ jáde?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà fún àwọn tó ń gbé lẹ́bàá Odò Ògùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀, lọ́nà Ìkòròdú. Ní July 10, 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo sọ títì Èkó di odò. Láti Àgídìngbì tí mò ń gbé, Ìṣẹ̀rí tó wà létí odò yìí kò jìnnà rárá, ibẹ̀ sì ni àǹtí mi ń gbé. Lọ́dún yìí, àwọn ayálégbé ilé wọn dá owó jọ láti ra ọkọ̀ ojú omi kékeré, irú èyí tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Méjì ni wọ́n rí: ọ̀kan PVC, ìkejì Hypalon, owó ìkejì sì fi púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Torí pé kẹ́mísírì ni mò ń kà, èmi ni wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ léfòó kúrò nílẹ̀. Omi ò mọ PVC yàtọ̀ sí Hypalon. Bí ọ̀pá atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bá fẹ̀ tó 40 cm, tí gígùn gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 6, nǹkan bíi lítà 750 ni àyè inú rẹ̀. Òfin Archimedes sọ pé ó lè ti omi tó wúwo tó kílò 750 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rì pátápátá. Ohun kan náà ni fún méjèèjì. Ara rọ́bà wọn ni ìyàtọ̀ wà.

PVC fúnra rẹ̀ le bíi páìpù púlọ́ńbà. Ní 1926, Waldo Semon ní Amẹ́ríkà rí i pé tí a bá po èròjà olómi kan mọ́ ọn lórí iná, ó máa rọ̀. Ṣùgbọ́n olómi yẹn ò so mọ́ PVC gírígírí. Ooru, oòrùn àti epo bẹntiróòlù máa ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀, rọ́bà á wá gan, á sì máa sán. Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ máa rí i. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń yọ́ nínú iná: ẹ̀rọ lè jó etí méjì pọ̀ di ara kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n.

Hypalon jẹ́ orúkọ tí DuPont fún rọ́bà kan tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2010. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ṣì ń ṣe irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CSM. Àwọn okùn tín-ín-tín-ín inú rẹ̀ ti so mọ́ra wọn, nítorí náà oòrùn àti epo kì í tètè rí i gbéṣe. Ṣùgbọ́n kì í yọ́. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ọwọ́ ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ lowó ń lọ.

Bí ìṣó bá wá lu ọkọ̀ ńkọ́? Inú omíyalé kún fún ìṣó àti páánù, kò sì sí èyí tí wọn ò lè lu nínú méjèèjì. Ẹ má sọ pé fọkanáísà ṣáà wà létí títì o! Sólúṣọ̀n tí wọ́n fi ń lẹ tíúbù, rọ́bà ló wà fún. Lórí PVC, olómi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á máa wọ inú gọ́ọ̀mù náà, títí alẹ̀mọ́ á fi ṣí. Gọ́ọ̀mù PVC ni kí ẹ rà pọ̀ mọ́ ọkọ̀ PVC, ti Hypalon náà sì ní tirẹ̀.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn fọkanáísà náà léwu. Táyà mọ́tò ń gba nǹkan bíi 32 psi, ọkọ̀ yìí ò ju 3 tàbí 4 lọ. Kódà oòrùn nìkan tó: ẹ fẹ́ ẹ dé 3.5 psi ní 25°C láàárọ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 55°C lọ́sàn-án, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 5.3. Ẹ dín atẹ́gùn rẹ̀ kù kí ẹ tó sá a sóòrùn.

Èwo wá ni kí wọ́n rà? Ká ní apẹja ni wọ́n, tí ọkọ̀ ń sùn níta lójoojúmọ́, Hypalon ni mi ò bá mú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwọn máa wà nínú yàrá fún oṣù mọ́kànlá. PVC tó nípọn tó wọn, tí ihò atẹ́gùn rẹ̀ pín sí mẹ́ta, kí méjì lè gbé e ró bí ọ̀kan bá jò. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì gbé e síbi tí èkúté ò ti ní dé.

Mo ní kí wọ́n fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà, pàápàá èyí tó bá àwọn ọmọdé mu. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, jákẹ́ẹ̀tì yẹn ló kù. Bí omi bá sì ń sáré, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá, ọkọ̀ yòówù tí ẹ ní. Ẹ gun òkè ilé, kí ẹ pe 112 tàbí 767.