Òdòdó Ilá àti Ewé Ìlasa Lórí Káàdì Ìkíni

Bí àsìkò Kérésìmesì tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òǹtàwé a máa to káàdì ìkíni síta. Òdòdó òkè òkun ni a sáábà ń rí lára wọn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì máa ń wà nínú wọn. Henry Cole ni ó kọ́kọ́ tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀ fún títà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1843. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà, èyíinì ni kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe káàdì, kí a sì lẹ òdòdó gidi tí a ti tẹ̀, tí ó sì ti gbẹ, mọ́ ọn lára. Irú èyí ni wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò sí ohun tí ó ní kí ọmọ ilé-ìwé ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà má lè ṣe é. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí ó mọ ohun tí ewé tí ó já ń sọ.

Àwọn baba ńlá wa kì í fi òdòdó kí ara wọn. Àrokò ni wọ́n ń dì. Àlùfáà C. A. Gollmer, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1885. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó gbà á ti mọ̀ pé “ẹfà” dúró fún “fà”: ọkàn ẹni náà ń fà sí òun. Bí ó bá dá ẹyọ mẹ́jọ padà, ó gbà pé àwọn jọ wà pọ̀ nìyẹn. Ewé náà ní ohùn tirẹ̀. Akòko ni a fi ń jẹ oyè, nítorí náà ó yẹ káàdì ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Ẹni tí ó bá lẹ màrìwò mọ́ káàdì àna rẹ̀ nítorí pé ó rẹwà, ìkìlọ̀ ni ó fi ránṣẹ́!

Ní Ìbàràpá, ilá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìwádìí tí Dókítà P. P. S. Nylander ṣe ní Igbó-Ọrà fi hàn pé ìbí ìbejì lé ní 40 nínú 1000 ìbí. Ọbẹ̀ ìlasa ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń tọ́ka sí. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì fi ìdí èyí múlẹ̀, ṣùgbọ́n àrokò kò dúró de sáyẹ́ǹsì: ìlasa ti di ọ̀rọ̀ ìbejì lẹ́nu ará Igbó-Ọrà.

Òdòdó ilá kì í pẹ́. Àárọ̀ ni ó ń là, yóò sì ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìrì bá ti gbẹ tán ni kí a já a. Kí a gé ìdí rẹ̀ tí ó nípọn kúrò, nítorí ibẹ̀ ni omi wà, kí a tẹ́ ewé òdòdó rẹ̀ márààrún sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, kí a sì gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Ojoojúmọ́ ni a ó máa pààrọ̀ ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, yóò ti gbẹ. Ọyẹ́ ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ ìgbà òjò gan-an ni ilá ń tanná jù, ohun tí a sì tẹ̀ nígbà òjò a máa bu. Ẹni tí kò bá lè dúró lè fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ tẹ̀ ẹ́ láti orí ìwé. Ìbòòji ni kí a máa fi í sí, nítorí oòrùn a máa ṣá àwọ̀ rẹ̀. Òdúndún kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Omi inú rẹ̀ pọ̀, jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Sítáàṣì pákí díẹ̀ ni a ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ìyá àgbà ní orúkọ ewé náà, kí ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Olùkọ́ tí ó bá fojú fo apá yìí ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láàbọ̀, nítorí ọmọ tí kò mọ orúkọ ewé kò lè ka àrokò rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìyá ìbejì ni a fẹ́ kí, káàdì méjì ni a ó ṣe, ọ̀kan fún Táíwò, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé, kí ewé ìlasa tí ó wà lára méjèèjì sì jẹ́ èyí tí a já lára igi ilá kan ṣoṣo.