Orúkọ àti Ìtọ́jú Àrùn Adọ̀dọ́: Àpẹẹrẹ láti Agbègbè Coconut ní Èkó

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé àrùn tí ó máa ń mú adọ̀dọ́ àti orí okó, ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, àti orúkọ tí ó yẹ kí olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè máa pè é. Adọ̀dọ́ ni awọ tí ó bo orí okó, èyí tí olóòlà máa ń gé kúrò nígbà tí ó bá ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin. Nítorí pé láti kékeré ni Yorùbá ti máa ń dábẹ́ fún ọmọ wọn, àrùn adọ̀dọ́ àgbàlagbà kò fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ láàárín wa. Ohun tí a kì í sábà rí, a kì í sábà sọ ọ́ lórúkọ. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Kò dá lórí ìṣègùn. Kí òǹkàwé má ṣe bínú pé a dárúkọ okó ní gbangba: a kò lè fi ẹnà kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn.

2. Ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì

Coconut wà ní ojú òpópónà Àpápá sí Òṣòdì, nítòsí èbúté Tin Can Island tí ìjọba ṣí ní 1977, lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ńtì ti dí èbúté Èkó pa ní 1975. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ìlàjẹ àti Yorùbá mìíràn, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Kí ètò ìpe-ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, àwọn awakọ̀ àjàgbé a máa sun ojú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó wọ èbúté.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò dábẹ́, tí kò sì rí omi wẹ̀ dáadáa. Ó tọ oníkẹ́míìsì lọ, ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ ń yún mi.’ Oníkẹ́míìsì rò ó sí àtọ̀sí, ó sì ta oògùn àtọ̀sí fún un. Awakọ̀ kò purọ́, oníkẹ́míìsì kò sì ní èrò ibi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ni kò tó. Abẹ́ tọkùnrin tobìnrin ni, àtọ̀sí sì ni àrùn tí ọyún rẹ̀ ń gba ojú ihò ìtọ̀ jáde. Kò sí èyí tí ó tọ́ka sí adọ̀dọ́ nínú méjèèjì.

3. Àwọn orúkọ tí a dábàá

Àwọn Òyìnbó pàápàá kò lọ jìnnà kí wọ́n tó rí orúkọ tiwọn. ‘Balanitis’ wá láti ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí èso igi kan tí ó jọ orí okó. ‘Phimosis’ sì wá láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ohun tí a fi ń di ẹranko lẹ́nu. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Celsus ará Róòmù ti ka àmì mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹ̀yà ara tí ó bá wà ní irú ipò yìí: pípọ́n, wíwú, gbígbóná àti ríro. Ní tiwa, ilé tí iná ràn mọ́ ni a ń sọ pé ó gbiná. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘ì-’ kún un, a ó ní ìgbiná. Nípa bẹ́ẹ̀:

(i) ìgbiná orí okó: èyí tí ó mú orí okó nìkan;
(ii) ìgbiná adọ̀dọ́: èyí tí ó mú awọ náà. Àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀;
(iii) àháníwájú adọ̀dọ́: awọ náà há síwájú, kò ṣeé ká sẹ́yìn;
(iv) àhálẹ́yìn adọ̀dọ́: a ti ká a sẹ́yìn, ó há síbẹ̀, kò padà bọ̀.

A kò fara mọ́ ‘àrùn aládọ̀dọ́’. Èébú ni aládọ̀dọ́ lẹ́nu Yorùbá, ẹni tí a bá sì bú kò ní padà wá gba ìtọ́jú. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbiná orí okó lè mú ẹni tí ó ti dábẹ́ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

4. Ohun tí ń fà á

Àmì rẹ̀ ni yíyún, pípọ́n, wíwú, òórùn, omi tàbí ọyún lábẹ́ awọ, àti ìrora bí a bá ń tọ̀. Ìdọ̀tí funfun tí ó bá pẹ́ lábẹ́ adọ̀dọ́ lè fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ líle àti apakòkòrò tí a fi ń fọ̀ ọ́ ní àfọ̀jù. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ó jẹ́ ẹbí olú, tí ó tún máa ń hù funfun sẹ́nu ọmọ ọwọ́, wà lára ohun tí ó wọ́pọ̀ jùlọ. Àrùn ìbálòpọ̀ náà lè fà á. Bí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀, kí a yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí pé ìgbiná yìí lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí àtọ̀gbẹ yóò fi hàn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

5. Ìtọ́jú

Kí a rọra ká awọ náà sẹ́yìn, kí a fi omi lásán fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ láìlo ọṣẹ, kí a nù ún gbẹ, kí a sì dá a padà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹbí olú ni, ìpara clotrimazole lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ló sábà máa ń wò ó sàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ó bá jẹ́ bakitéríà tàbí àrùn ìbálòpọ̀, dókítà ni yóò yan oògùn, ó sì lè pọn dandan kí a tọ́jú ẹnì kejì pẹ̀lú. Egbò tí kò bá jinná gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Àháníwájú lè dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ìpara tàbí ìdábẹ́ ni ó ń tán an. Ní ti ọmọ ọwọ́, bí a ṣe dá a ni pé kí awọ náà má tíì ká. Kí ẹnikẹ́ni má fipá ká a. Ṣùgbọ́n àhálẹ́yìn kò ṣeé fi ṣeré rárá. Ó ń fún orí okó lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè lọ kí ó bọ̀ dáadáa. Bí a bá fi falẹ̀, orí náà lè kú. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn.

6. Ìkádìí

Ó hàn gbangba nígbà náà pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ‘níwájú’ àti ‘lẹ́yìn’ nínú orúkọ méjì wọ̀nyí kì í ṣe eré gírámà lásán. Nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ àhálẹ́yìn lẹ́nu aláìsàn yóò dìde. Èyí tí ó gbọ́ ‘abẹ́ ń dùn mí’ lè ní kí ó lọ jókòó sórí ìlà. A rọ àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè kí wọ́n dán àwọn orúkọ wọ̀nyí wò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá dára jù rọ́pò wọn. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a fi àrùn náà sílẹ̀ láìlórúkọ.