Ayé Ń Lọ, Òfin Ń Tọ̀ Ọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé yìí kò jìnnà sí òwe náà. A fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ tí òfin ìlú kì í fi í lè bá ohun titun rìn ní ẹsẹ̀ kan náà nígbà tí ọgbọ́n ènìyàn bá mú un jáde. A sì fẹ́ mọ ẹni tí ń jẹ ìyà ìfàsẹ́yìn náà. Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí a mú ohun kan tí gbogbo wa mọ̀, èyí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí a sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin rẹ̀ ti yí padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Kí ọkọ̀ tí ń lo epo bẹntiróòlù tó dé, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá kan wà tí ooru omi gbígbóná ń mú rìn, tí wọ́n sì ń fa ẹrù lójú ọ̀nà. Wọ́n wúwo, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń tú èéfín, wọ́n sì ń dẹ́rù ba ẹṣin. Nítorí náà ní ọdún 1865 Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pàṣẹ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan ní ìgbèríko, tàbí máìlì 2 láàrín ìlú. Ó kéré tán, ènìyàn 3 ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yóò sì máa fi ẹsẹ̀ rìn ní 60 yáàdì níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́. Ní ọdún 1878 wọ́n dín 60 yáàdì náà kù sí 20, wọn kò sì fi dandan lé àsíá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn níwájú kò kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún 1886 ni Carl Benz gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Jámánì fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń lo epo. Ọkọ̀ titun yìí fúyẹ́, ó sì rọrùn láti darí. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú rẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí a ti ṣe kí a tó bí i ni ó pàdé lójú ọ̀nà. Lójú òfin náà, ohunkóhun tí ń rìn láìsí ẹṣin, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ tí ó lè sáré ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ ni a ní kí ó máa tẹ̀lé ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́yìn! Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1896 ni òfin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó fi àyè gba eré tí ó tó máìlì 14.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896 kan náà, kí òfin titun náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin kan tí à ń pè ní Bridget Driscoll, ẹni ọdún 44, ń rìn ní ọgbà Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn fún àwọn ènìyàn kọlù ú, ó sì kú. Òun ni a kà sí ẹlẹ́sẹ̀ kìíní tí ọkọ̀ elépo pa ní ilẹ̀ náà. Àwọn tí ó wádìí ikú rẹ̀ pè é ní èèṣì. Ẹ kíyèsí i pé obìnrin yìí kò ní ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ èrè kankan lára rẹ̀.

Òfin ọdún 1903, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1904, fi nọ́ńbà sára ọkọ̀, ó sì fi eré mọ sí máìlì 20. Ó ní kí olúkúlùkù awakọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pé ọdún 17, tí ó sì ní ṣílè 5 lọ́wọ́, a fún un. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bóyá ó mọ ọkọ̀ wà. Nígbà tí ó di ọdún 1930, tí Ìgbìmọ̀ rí i pé àwọn awakọ̀ kò ka máìlì 20 sí mọ́, wọ́n mú òpin eré kúrò pátápátá fún ọkọ̀ àdáni. Ní ọdún 1934, ènìyàn 7,343 ni ó kú lójú ọ̀nà. Nígbà náà ni wọ́n tó fi eré mọ sí máìlì 30 láàrín ìlú, láti oṣù kẹta ọdún 1935. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìdánwò ìwakọ̀ sì di dandan fún àwọn awakọ̀ titun. Ọdún 31 ni a fi ta ìwé àṣẹ láìsí ìdánwò.

Èyí fi hàn wá pé ọ̀nà méjì ni òfin fi ń ṣìnà. Ìbẹ̀rù mú kí ó de ohun tí kò tíì mọ̀. Nígbà tí ó sì sú u, ó tú u sílẹ̀ láìsí ìjánu. Àbùkù kan náà ni méjèèjì ní: ohun èlò ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìpalára tí ó lè ṣe.

Kí ni ó ń fa ìfàsẹ́yìn yìí? Èkíní ni pé ènìyàn kan lè dá ohun titun sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè jáde àfi bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jókòó, tí wọ́n jiyàn, tí ohùn wọn sì ṣe ọ̀kan. Èkejì ni pé ìwà ohun titun kì í hàn tán títí yóò fi dé ọwọ́ púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni ó dùn wá jù: àwọn tí ń jẹ èrè rẹ̀ ní agbẹnusọ níwájú àwọn aṣòfin, ṣùgbọ́n òkú kì í sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Nàìjíríà wa. Ọdún 2001 ni ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ọdún 2011 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ olúkúlùkù sí nọ́ńbà rẹ̀. Ọdún 2015 ni òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Nígbà tí ó sì di 2023 ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó ṣe òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn. Láàrín ọdún 22 wọ̀nyí, àwọn gbájú-ẹ̀ kò sùn.

Síbẹ̀, kí a má ṣe wí pé ìjọba kò lè ṣáájú rárá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí ìmúrasílẹ̀. Olójú jínjìn, òkèèrè ni í ti í mẹ́kún sun.

Nítorí náà, bí ohun titun bá wọ àárín wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìbẹ̀rù lé e jáde, ẹ má sì jẹ́ kí a fi ojú ẹwà nìkan wò ó. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé: ta ni ó lè pa lára nínú àwọn tí kò rà á? Ta ni yóò dáhùn bí ó bá pa á lára? Nígbà wo ni a óò tún òfin rẹ̀ yẹ̀ wò? Kí àwọn òbí, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ má dúró de ìjọba kí wọ́n tó kọ́ ara wọn ní ìṣọ́ra. Bí ìpalára bá sì ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e tọ àwọn aṣòfin wọn lọ, nítorí ẹni tí a pa lára kò ní agbẹnusọ mìíràn bí kò ṣe àwọn aládùúgbò rẹ̀.