Bíà tó lé ní Guinness lágbára: ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ f'ẹ́lẹ́mu Ẹ̀pẹ́?

Ọtí líle kì í ṣe tuntun l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ àti Ìkòròdú. Ògógóró tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu ti wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ Duvel, bíà ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wò yóò gbà pé tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ń hó, ó korò díẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Guinness, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn n'Íkẹjà lọ́dún 1962, jẹ́ 7.5.

Ṣúgà àti ìwúkàrà ni wọ́n ń fi sí Duvel kí wọ́n tó dé ìgò rẹ̀, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ẹmu ńkọ́? Ó dùn láàárọ̀, ó kan nírọ̀lẹ́. Ẹlẹ́mu tí kò bá tètè tà, gbèsè ló ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ NIFOR tó wà nítòsí Benin ti fi hàn pé ẹmu ṣeé rọ sínú ìgò. Ẹ̀yin oníṣòwò, iṣẹ́ rèé o!