Ìkòkò Tí Ilẹ̀ Ń Jẹ: Bí A Ṣe Ń Ṣí Ìbẹ́pẹ Nípò Láìba Gbòǹgbò Rẹ̀ Jẹ́

Ìbẹ́pẹ kékeré kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan gbòǹgbò òun. Bí gbòǹgbò náà bá já nígbà tí a ń ṣí i nípò, ewé rẹ̀ kì í pẹ́ rọ. Ní Kánò àti Kàdúná, níbi tí ìgbà òjò kò gùn tó ti ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí irúgbìn rẹ̀ kú báyìí lè pàdánù ọdún kan gbáko.

Ìkòkò tí ilẹ̀ lè jẹ ni àtúnṣe rẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a ká mọ́ ìdí ìgò tó fún un. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ náà dára. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà, kí ẹ sì rọ ọ́ kún inú rẹ̀. Ẹ fọ ara yíyọ̀ tí ó bo hóró ìbẹ́pẹ kúrò, ẹ gbin hóró 2 sí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa bu omi rin ín níwọ̀nba. Ó sábà máa ń hù láàrin ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹ fi èyí tí ó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ gé èkejì.

Nígbà tí ó bá ga tó íńṣì 6 sí 8, tí òjò sì ti fìdí múlẹ̀, ẹ rin ìkòkò náà gbingbin, ẹ fa ìdí rẹ̀ ya díẹ̀, kí ẹ sì gbé e tòun ti irúgbìn sínú ihò ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé: bí etí ìkòkò bá yọ sókè ilẹ̀, yóò máa fa omi kúrò ní ìdí igi. Ẹ gé e dànù. Gbòǹgbò yóò gba ara ìkòkò kọjá, ilẹ̀ yóò sì jẹ ìyókù.