Bí Bankolé, Ọmọ Ànàgó Abidjan, Ṣe Di Òṣèré

Bingerville ni àwọn gómìnà Faransé fi ṣe olú-ìlú Côte d'Ivoire láti 1900 títí di 1934, kí ìjọba tó kó lọ sí Abidjan. Ààfin gómìnà náà ṣì wà. Àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ń tọ́ níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá dúró níwájú ààfin yẹn, tó bi ara rẹ̀ pé ta ló ń pọnmi ìwẹ̀ fún ìyàwó òyìnbó nígbà yẹn, ti súnmọ́ ohun tí òṣèré Isaach de Bankolé ṣe nínú fíìmù Chocolat.

Ọmọ wa ni. Abidjan ni wọ́n bí i sí ní 1957. Yorùbá ilẹ̀ Benin ni àwọn òbí rẹ̀, Nàìjíríà sì ni àwọn bàbá wọn ti ṣí wá. Àwọn tí ará Abidjan ń pè ní Ànàgó nìyẹn, àwọn oníṣòwò tí ọkọ̀ láti Ẹ̀jìgbò ní Nàìjíríà ṣì ń já sí Abidjan dòní olónìí.

Kì í ṣe sinimá ló gbé e dé Paris. Ìṣirò ló kọ́kọ́ kà níbẹ̀, kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Cours Simon lọ kọ́ eré ṣíṣe. Ní 1986, olùdarí fíìmù Thomas Gilou fún un ní ipa nínú Black Mic Mac, eré apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nínú ilé wọn ní Paris. Gbájú-ẹ̀ tó gba ipò àfáà kan mọ́ ọn lọ́wọ́ ni Bankolé ṣe. Nígbà tó di 1987, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ César ti òṣèrékùnrin tí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ẹ̀rín yẹn ì bá ti sé e mọ́ ipa gbájú-ẹ̀ títí ayé. Àmọ́ lọ́dún yẹn kan náà, olùdarí eré Patrice Chéreau gbé e sórí ìtàgé ní Nanterre, lẹ́bàá Paris, nínú eré kan tí òǹkọ̀wé Koltès kọ, tó jẹ́ ti ènìyàn méjì péré. Lẹ́yìn náà ni Claire Denis, olùdarí fíìmù tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà ní Áfíríkà lábẹ́ ìjọba òyìnbó, pè é wá ṣe Protée, ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé òyìnbó kan ní Cameroon, nínú Chocolat, 1988.

Protée kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń wẹ̀ níta lọ́jọ́ kan, ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, ni ìyá ilé àti ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó fara ti ògiri, ó bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u, síbẹ̀ mi ò tíì rí ibi tí sinimá ti fi ìtìjú àmúnisìn hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá ilé fọwọ́ kàn án nínú òkùnkùn, ńṣe ló gbé e dìde dúró. Kíkọ̀ yẹn ló lé e kúrò nínú ilé.

Jim Jarmusch, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, náà rí agbára ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí. Ó fi í ṣe awakọ̀ takisí ní Paris nínú Night on Earth, 1991. Nínú Ghost Dog, 1999, Faransé nìkan ló ń sọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, wọ́n sì yé ara wọn. Ta ni irú èyí máa yà lẹ́nu lọ́jà Adjamé ní Abidjan, níbi tí onírúurú èdè ti ń pàdé? Casino Royale àti Black Panther ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, Run ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ: fíìmù Philippe Lacôte, ọmọ Abidjan bíi tirẹ̀, tó dé Cannes ní 2014, tí rògbòdìyàn Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìtàn rẹ̀.